Bí Iṣu Igbó Ti Ṣe Di Iṣu Oko

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé láàrin àwọn òkè olókùúta, iṣu wà lára olórí oúnjẹ. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè níbẹ̀ kò ṣàì máa bá iṣẹ́ kan lọ tí a ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Iṣu funfun kò ti ọ̀run rọ̀. Ara iṣu inú ìgbẹ́ ni ó ti wá. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ àbùdá iṣu wò sọ pé láti ara iṣu inú igbó, ní agbègbè Odò Ọya, ni a ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ní ọdún 2020, ẹ̀rí àwọn mìíràn tọ́ka sí i pé iṣu inú igbó àti ti inú ọ̀dàn ni ó da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bí i.

Iṣu inú ìgbẹ́ a máa lẹ́gùn-ún, a sì máa ta wọlẹ̀ jìn. Àgbẹ̀ ìgbàanì ṣa èyí tí ó tóbi tí ó sì rọrùn láti wà, ó fi ìyókù sílẹ̀. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé díẹ̀ nínú onírúurú àbùdá tí ó wà nínú ìgbẹ́ ni ó dé oko. Èbù tún dín in kù. Irúgbìn a máa pa ẹ̀jẹ̀ akọ àti abo pọ̀, ọmọ a sì yàtọ̀ sí òbí; ṣùgbọ́n ohun tí ìyá jẹ́ ni èbù ń jẹ́. Bí ẹgbẹ̀rún ebè bá ti ara irú iṣu kan ṣoṣo wá, bí ara kan ni gbogbo wọ́n rí, àrùn tí ó bá sì pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Irú èyí ni ó dé bá àwọn ará Ireland láti ọdún 1845, nígbà tí àrùn kọlu pòtétò tí wọ́n gbójú lé, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn sì kú.

Síbẹ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ tí ó dín in kù náà lè bù sí i. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn àgbẹ̀ kan a máa wa iṣu ìgbẹ́ wá sóko, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan títí yóò fi dà bí iṣu oko. Àbùdá titun a sì gba bẹ́ẹ̀ wọ inú aká.

Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú iṣu pamọ́. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò aká àgbẹ̀, níbi tí ọ̀dá, òjò àti àrùn ti ń dán iṣu wò lọ́dọọdún. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí àwọn àgbẹ̀ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà bá gbin kìkì irú èyí tí ọjà ń fẹ́, àwọn ìyókù kò ní dúró dè wọ́n. Àgbàdo lè wà nínú ìkòkò de ọdún mìíràn. Èbù tí a kò bá gbìn, jíjẹrà ni yóò jẹrà.