Ìwé Tínínrín, Owó Pọ́ọ́kú

Ọmọkùnrin tó ń ta ìwé àlòkù lórí ọmọlanke nítòsí ọjà Ọ̀mù-Àrán kì í ka ìwé kankan. Mo bi í rí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Tíṣà, bí mo bá jókòó tì í tí mò ń kà á, ta ni yóò bá mi tà á?"

Bí ìwé bá ṣe sanra tó ló fi ń dá iye lé e. Ìwé òfin àti ìwé ìṣirò tó nípọn ló gbówó lórí jù. Àwọn ìwé ìfẹ́ Mills & Boon, tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń dì mọ́ra lára èèpo wọn, wà láàárín. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ń da àwọn ìwé Yorùbá tínínrín sí, ₦400 péré, bí mo bá sì mú mẹ́ta, a ṣe ẹ̀dínwó fún mi. Ibẹ̀ gan-an ni ojú mi máa ń lọ, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó mọ̀.

Ohun tó kó wọn débẹ̀ kò fara sin. Ìwé tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kò sílé tí kì í rà á. Bí wọ́n bá ti yan òmíràn, ó di ẹrù ìdí àpótí nìyẹn. Èyí tí kò bá dórí ọmọlanke a bọ́ sọ́wọ́ alákàrà. Mo ti ka ìdajì orí kan lára bébà àkàrà rí, òróró ti mu ìyókù.

Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìfẹ́, kó kọ́kọ́ wá Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Àjàní, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá ìyàwó. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi, òun náà sì há sáàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Púpọ̀ nínú yín ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe lórí rẹ̀ ní 1997, ẹ sì ti rán ìró péńpé tí à ń pè ní òléku. Ẹ gbàgbé fíìmù náà ná. Lójú tèmi, àìlèpinnu Àjàní ni adùn ìwé yẹn. Irú rẹ̀ mélòó ni mo ti kọ́ ní kíláàsì!

Ìtàn Sẹ̀gilọlá yàtọ̀. I. B. Thomas ló kọ ọ́ bíi lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929 sí 1930: arẹwà obìnrin Èkó tí kò mọye ọkùnrin tó ti fẹ́, tí àìsàn wá dè mọ́lẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i lórí ọmọlanke yẹn, n kò sì dúró nájà.

Ṣùgbọ́n ìtàn àtijọ́ ni kì í jẹ́ kí n tètè sùn. Nínú Aiyé D'Aiyé Òyìnbó tí I. O. Délànọ̀ kọ ní 1955, ẹ ó rí bí ìlú ṣe ń yí padà lẹ́yìn tí òyìnbó dé. Ìgbómìnà bíi tèmi tó bá kà á yóò rántí ààlà tí àwọn òyìnbó kan náà fà, tí àwa fi bọ́ sí Àríwá, tí Ìlá, ọmọ ìyá wa, fi wà ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ti Adébáyọ̀ Fálétí, 1969, ló tún mú mi jù. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Olúmokò ni ìtàn náà dá lé, àti Àjàyí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ìsìn náà tó. Bàbá mi àgbà máa ń sọ ìtàn àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fún wa, àti bí Ìgbómìnà ṣe dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà. Nítorí náà, mo mọ irú ẹni tí Àjàyí jẹ́ kí n tó ṣí ìwé.

Òru kan ni mo fi kà á. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó parí, mo ṣí ojú ìwé, èèpo ẹ̀yìn ni mo bá. Ẹnìkan ti fa ewé ìparí ya! Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìwé ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: mo ń wo ewé ìkẹyìn, mo ń fọwọ́ tọ́ ìdí rẹ̀ wò bóyá ìkán ti dé ibẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan àpamọ́wọ́.

N kò jù ú nù ṣá. Àwọn ère òkúta ìlú Èsìẹ̀ lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ṣẹ́ lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n kọ́lé fún wọn ní 1945, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fálétí tèmi náà wà lórí pẹpẹ pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ bá pé nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́jọ́ kan péré kí n ṣe ẹ̀dà ewé ìkẹyìn. Èmi ni n ó sanwó fótókọ́pì.