Ariwo tẹ́ ẹ fi ń pe oníbàárà lè máa lé wọn lọ

Bí èèyàn bá dé Computer Village n'Íkẹjà lọ́sàn-án Sátidé, àfi kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà. Ẹ̀rọ amóhùn-búgbàù ń ké níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, òmíì ń dá a lóhùn lódìkejì, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì. Oníbàárà tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta fóònù lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ èsì. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì tó fi máa bá tiẹ̀ lọ.

Owó tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń pàdánù láìmọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbà pé ṣọ́ọ̀bù tó bá pariwo jù lèrò ń yà sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá yí ohùn ẹ̀rọ tiẹ̀ sókè, aládùúgbò rẹ̀ náà á yí tiẹ̀ sókè. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó fi ariwo ju ẹnìkejì lọ, àmọ́ gbogbo wọn ló ti sun epo.

Etí náà ń san nínú gbèsè ọ̀hún. Désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ wà nídìí ariwo tó tó désíbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bó bá di 88, wákàtí 4 ni. Bó bá di 91, wákàtí 2 péré. Ọmọṣẹ́ tó ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè má tètè mọ̀ pé etí òun ń kú díẹ̀díẹ̀.

Òfin náà wà ńbẹ̀. LASEPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, fi désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru sí àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé. Lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, wọn ò sì yọ òtẹ́ẹ̀lì àtilé ọtí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ò ní tajà, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé àti owó àjọ ò ní torí ẹ̀ dúró.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọjú ẹ̀rọ yín sínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì yí i wálẹ̀. Ẹ tún sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ ṣe, kẹ́ ẹ sún un jìnnà. Ní gbangba, bí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6 wálẹ̀. Ẹ má gbé e wọlé o, èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ó yẹ kí ọlọ́jà tún ìṣirò ṣe: àwọn tó wà ní ìlà kan lè dáwó jọ ra iná tó ń lo oòrùn, èyí tí kì í pariwo.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ẹni tó bá nìkan dín ariwo kù á máa rò pé wọ́n ti gba oníbàárà òun. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlà bá jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ohùn gbọ́dọ̀ mọ, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá béèrè iye ọjà lẹ́ẹ̀kan péré tó sì gbọ́ èsì, ọjà á yá.