Wáì-fáì Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin inú yàrá kan dáwó jọ, a ra ráútà. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà ní yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáì-fáì kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ọ̀kan nínú wa wọ sẹ́tíńgì ráútà, ó yí orílẹ̀-èdè sí Amẹ́ríkà, ó fa agbára rẹ̀ dé òkè pátápátá. Àmì wáì-fáì kún fọ́fọ́ lórí fóònù ọ̀rẹ́ wa. Síbẹ̀, fáìlì kọ̀, kò lọ.

Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró de èsì. (Ẹ wo bí "gba" àti "èsì" ṣe di "gbèsì". Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ èyí tí a tú palẹ̀ ní kíláàsì mofọ́lọ́jì lọ.) Wáì-fáì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá fi ègé ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí èkejì, èkejì gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti gbọ́. Bí kò bá dáhùn, ti àkọ́kọ́ á tún un sọ. Bí a bá fún ráútà ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fóònù á gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ta ló wá fún fóònù ní tirẹ̀? Ohùn kékeré tó ní náà ló fi ń dáhùn. Ohun tí fóònù ń gbọ́ ni àmì tó kún yẹn ń sọ. Kò sọ bóyá ráútà ń gbọ́ fóònù.

Òfin ńkọ́? Ní Yúróòpù, ohun tí ráútà ń tú síta lórí 2.4 GHz kò gbọdọ̀ ju mílíwáàtì 100 lọ, ìyẹn 20 dBm. Ní Amẹ́ríkà, FCC gbà kí wáàtì 1 wọ inú àǹténà, kí àǹténà náà sì fi 6 dBi kún un: 36 dBm, nǹkan bíi wáàtì 4, ìlọ́po 40 ti Yúróòpù. Ẹ kíyè sí i pé àǹténà wà nínú ìṣirò. Àǹténà kì í dá agbára; ńṣe ló ń kó o jọ sí ọ̀nà kan, bí ẹni tó káwọ́ sẹ́nu pariwo. Ẹni tó bá so àǹténà 9 dBi mọ́ ohun tó ń fún un ní 20 dBm ti ń tú 29 dBm síta, nǹkan bí ìlọ́po 8 ohun tí òfin Yúróòpù gbà, bí sẹ́tíńgì tilẹ̀ ń sọ pé 20.

Ó lè dà bí àṣejù ìjọba, ṣùgbọ́n òfurufú kan náà ni gbogbo wa ń pín. Ní San Juan, Puerto Rico, àwọn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 5 GHz dí rédà lọ́wọ́, rédà tí pápákọ̀ òfurufú fi ń mọ ìjì tó lè gbá bàálù lulẹ̀. FCC bu owó ìtanràn lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lò wọ́n. Lára ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé ètò tó yẹ kí ẹ̀rọ fi gbọ́ rédà, kó sì yàgò fún un, kò sí ní títàn.

Lọ́dọ̀ wa, NCC ló ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Ráútà tí a bá purọ́ fún pé Amẹ́ríkà ló wà, òfin ilé onílé ni yóò máa tẹ̀lé.

A dá a padà sí Nàìjíríà, a wá okùn gígùn, a gbé ráútà kọ́ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmì ò kún mọ́, méjì péré ló hàn. Fáìlì lọ ní aago kan òru. Aago méjìlá ni gbèdéke.