Ọjọ́ Tí Kò Tọ̀nà Lára Fáìlì

Bí a bá gbé kọ̀ǹpútà Unix titun kalẹ̀, a lè fi àṣẹ ls -l wo àwọn fáìlì rẹ̀, kí a sì rí i pé èyí tí a kọ ní òwúrọ̀ yìí ń jẹ́ ti ọdún 1970, tàbí pé ó fi wákàtí kan yàtọ̀ sí agogo ọwọ́ wa. Kí a má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀ràn yìí. Ọjọ́ ara fáìlì ni make, ètò tí Stuart Feldman ṣe ní 1976, fi ń mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a tún ṣe. Bí ọjọ́ bá ṣìnà, yóò ka iṣẹ́ titun sí ti àtijọ́, yóò sì fò ó kọjá.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ní àkókò UTC, ni Unix ń kọ sára fáìlì. Nígbà tí a bá fẹ́ kà á ni ó tó yí i padà sí àkókò ìlú wa. Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni kí a wò.

Èkíní ni agogo. Kí a kọ àṣẹ date -u. Bí èsì rẹ̀ kò bá tọ̀nà, bóyá bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ti kú, tàbí a kò tíì yí agogo náà sí àkókò rí. Kí a tún un ṣe, kí a sì lo NTP, ìlànà tí David Mills kọ jáde ní 1985, kí agogo náà má baà tún ṣáko.

Èkejì ni ìlú. Bí date -u bá tọ̀nà, tí date nìkan kò tọ̀nà, agogo kò ṣẹ̀. Ìlú tí a yàn fún ẹ̀rọ ni a ṣì yàn. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, Africa/Lagos sì ni orúkọ tí a ó yàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí agogo nítorí èyí: date yóò dára lójú, ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀rọ ń kọ sára fáìlì yóò di irọ́.

Ẹ̀kẹta ni ibùgbé fáìlì. Bí ó bá wà lórí ẹ̀rọ mìíràn tí a fi NFS so mọ́ tiwa, agogo ẹ̀rọ yẹn ni ó sábà máa ń fi ọjọ́ sí i lára. Kí a yẹ agogo méjèèjì wò.

Lóòótọ́, àṣẹ touch lè fi ọjọ́ tí a bá fẹ́ sára fáìlì. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó tún ọjọ́ fáìlì ṣe nígbà tí agogo ṣì ń purọ́, yóò tún bá irọ́ kan náà pàdé lára èyí tí yóò kọ lọ́la.