Àwòrán Òdòdó Inú Ìkòkò Tí Van Gogh Yà

Bí o bá dé ilé àfihàn àwòrán tí wọ́n ń pè ní National Gallery ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, o ó rí àwòrán kan tí èrò máa ń pé lé lórí. Àwòrán òdòdó ni. Òdòdó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà nínú ìkòkò kan lórí tábìlì. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí ẹyẹ. Gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 92 lọ, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 73. O lè bi ara rẹ pé kí ni wọ́n ń wò lára òdòdó lásán. Ohun tí mo fẹ́ là yé ọ nìyẹn.

Ẹni tí ó yà á ni Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí a bí ní 1853. Ó wà lára àwọn ayàwòrán tí a wá ń pè ní Post-Impressionist lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gbà pé kí ayàwòrán kàn máa ṣe àdàkọ ohun tí ojú rí. Wọ́n fẹ́ kí àwọ̀ máa sọ ohun tí ó wà lọ́kàn pẹ̀lú.

Ní oṣù kejì 1888, Vincent fi Paris sílẹ̀, ó lọ sí Arles ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó háyà ilé kan tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kùn, ó sì ń retí pé àwọn ayàwòrán yóò wá máa bá òun gbé ibẹ̀, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Paul Gauguin ni ó ń retí. Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀: a óò gbálẹ̀, a óò pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, a óò wá ohun tí yóò dùn mọ́ ọn nínú. Vincent kò lówó lọ́wọ́; àbúrò rẹ̀, Theo, tí ń ṣòwò àwòrán ní Paris, ni ó ń fi owó àti ọ̀dà ránṣẹ́ sí i. Àwòrán òdòdó ni ó fi ṣe yàrá àlejò náà lọ́ṣọ̀ọ́.

Oṣù kẹjọ ni ó yà á. Òdòdó ọ̀hún ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sunflower. Orí rẹ̀ a máa tóbi bí àwo, a sì ń fún òróró láti inú èso rẹ̀. Bí a bá já a, kì í pẹ́ rọ. Vincent kọ̀wé sí Theo pé láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òdòdó náà ń tètè rọ, ó sì yẹ kí òun yà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wo àwòrán náà dáadáa, o ó rí i pé kò fi èyí pamọ́. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, òmíràn ti dorí kodò, ewé òmíràn sì ti re tán, ó ku orí tí èso wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ gbé jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ohun tí ó mọ́ ni ènìyàn máa ń gbé síwájú ohun tí ó dúdú, kí ojú lè rí i. Vincent gbé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè sínú ìkòkò aláwọ̀ ìyeyè, lórí tábìlì aláwọ̀ ìyeyè, níwájú ògiri aláwọ̀ ìyeyè! Síbẹ̀ kò dàrú mọ́ ojú. Ògiri náà ṣì bí òrí, tábìlì pọ́n bí oyin, ewé òdòdó dà bí ìyeyè tí ó pọ́n dáadáa, orí àwọn tí ó ti gbó sì ń lọ sí àwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀dà náà nípọn, ó yọ sókè lára aṣọ bí ebè oko.

Gauguin dé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá, ó sì fẹ́ràn àwòrán náà. Ṣùgbọ́n wọn kò jọ gbé ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Ìjà ṣẹlẹ̀, Vincent fi abẹ gé etí ara rẹ̀, àlejò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1889, Vincent tún irú àwòrán náà yà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Amsterdam. Ó kú ní 1890, ní ọmọ ọdún 37. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní ilẹ̀ Japan san ₤24,750,000 fún ọ̀kan. Vincent ìbá rí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó yẹn!

Ọ̀dà tí ó lò pẹ̀lú kò dúró lójú kan. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè ìgbà náà, irú rẹ̀ mìíràn a sì máa ṣókùnkùn bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á pẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń dín iná kù nínú yàrá tí èyí tí ó wà ní Amsterdam wà. Láti 2019, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ti pinnu pé kò ní kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn mọ́.