Ẹ Tọ́ Súwíìtì Wò Kí Ẹ Tó Fún Ọmọ

Kí ni eyín jíjẹrà?

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Èjìgbò àti gbogbo ìletò tó yí wa ká, eyín jíjẹrà ni kí eyín máa lu díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà loúnjẹ rẹ̀, omi kíkan tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló sì ń ba eyín jẹ́.

Kí ló ń fà á?

Ṣúgà inú súwíìtì wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n súwíìtì kò dọ́gba. Ẹ tọ́ Tom Tom, Butter Mint àti bàbá dúdú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tom Tom le, ó ń tutù lọ́fun, ó sì ń pẹ́ kó tó yọ́. Butter Mint náà le, adùn bọ́tà ló fi yàtọ̀. Bàbá dúdú, tí wọ́n fi àgbọn àti ṣúgà sè, ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ fi ahọ́n wá a wò, ẹ óò rí i pé ó ṣì kù síbẹ̀. Bí adùn bá ṣe pẹ́ lẹ́nu tó ni omi kíkan yóò ṣe pẹ́ tó. Itọ́ ń fọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọmọ tó jẹ súwíìtì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sàn ju èyí tó ń jẹ mẹ́rin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ní ìsọ̀ wa, súwíìtì ti di ṣéńjì. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ bọ̀ wálé.  

Àwọn àmì rẹ̀

Àbàwọ́n funfun bí ẹfun nítòsí èrìgì ló ń ṣáájú. Kì í dunni, ó sì ṣì ṣeé dá padà, ìdí nìyí tó fi yẹ kí a máa wá a lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà ni eyín yóò dúdú, yóò lu, omi tútù yóò máa ta á.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Kí súwíìtì wá lẹ́yìn oúnjẹ, kí a sì fi omi ṣan ẹnu. Kí a fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti kí a tó sùn. Pákò dára bí a bá rin ín dé eyín ẹ̀yìn. Súwíìtì líle lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun, ẹ má fún un. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ lè fi ìṣáná tàbí máàgì ṣe ṣéńjì dípò súwíìtì.

Eyín tó ti lu kì í dí fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà eyín wà ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ nígbà tó ṣì ṣeé dí, kó tó di yíyọ.