Ẹ Má Da Ìjẹ Ìpẹja Tó Ń Rùn Nù

Ìjẹ oníke tàbí onírin tá a bá rà ní gáréèjì séèlì sábà máa ń rùn. Ẹja náà máa ń gbóòórùn ẹ̀. Ní 1954, Brett àti MacKinnon ròyìn pé omi tí wọ́n fi ṣan ọwọ́ èèyàn, tí wọ́n dà sódò ní British Columbia, dá àwọn ẹja salmon tó ń gòkè odò dúró.

Trimethylamine ló ń mú kí ẹja rùn, ohun kíkan ló sì ń pa á. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá wa fi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja.

Kí àgbà kọ́kọ́ yọ ìwọ̀ kúrò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà fọ ìjẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó ní fíníga díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ sá a gbẹ dáadáa, kó má baà dípẹtà.

Ẹ má po fíníga mọ́ bleach láéláé! Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì da omi ìfọ̀ sí gọ́tà títì, torí ó lè dé inú odò Bow. Síńkì ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ò tíì pé ọdún 16, ẹ ò nílò láìsẹ́ǹsì ìpẹja ní Alberta, àmọ́ òfin odò de tọmọdé tàgbà. Ẹja á jẹ o!